Ewé Tí Mo Fi Abẹ Gé Kúrò Nínú Ìwé Mi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa tí ẹ ní kí n kọ bí mo ṣe di òǹkọ̀wé sílẹ̀ fún yín, ẹ fara balẹ̀ o. Ìbéèrè yín kúrú, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ gùn ju bọ́ọ̀sì lọ. Ọ̀kan nínú yín tiẹ̀ bi mí bóyá owó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìyẹn kíákíá ká lè rìn síwájú: kò sí. Bọ́ọ̀sì ló bọ́ mi, èmi ni mo bọ́ ìwé. Ẹni tó bá ń wá owó kó gba ọ̀nà ibòmíràn, kó má bàa dí wa lọ́nà.

Ìtàn àròsọ méje ni mo ti kọ ní èdè Yorùbá, èmi fúnra mi ni mo sì tẹ gbogbo wọn, ìyẹn ni pé kò sí ilé iṣẹ́ ìwé kan tó gbà wọ́n. Èmi ni òǹkọ̀wé, èmi ni mo ń gbé báàgì ìwé kiri, bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun fẹ́ rí ọ̀gá pátápátá, èmi náà ni màá bọ́ síta. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Mo parí ìwé mẹ́fà, mo ṣe ọdún méjì ní Modern, bàbá mi kú, ó parí síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sàtífíkéètì dẹ́rù bà yín. Ẹ̀rù mìíràn pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó bà mí débi tí mo fi ń sá fún obìnrin kan tí kò ga ju táyà bọ́ọ̀sì mi lọ. Màá débẹ̀.

Nígbà tí mo dé Woolwich nílùú òyìnbó níbí, wọ́n gbà mí síṣẹ́ dírébà bọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbẹ́ ibùdó rélùwéè Woolwich Arsenal ni bọ́ọ̀sì mi ti ń gbéra, á kọjá níwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh, á wá parí ìrìn ẹ̀ sí Thamesmead, níbi tó ti gbọ́dọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó tó yí padà. Àwọn dírébà yòókù ń fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ tiwọn mu sìgá, àwọn mìíràn ń fi pe ilé. Èmi á fa ìwé kékeré yọ lápò, màá gbé e lé orí sítíárìn, màá máa kọ.

Ohun tó fà á kò ju pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù nínú mi. Èèyàn á wọlé, á fi káàdì kan ẹ̀rọ, á lọ jókòó. Ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú, Yorùbá tó máa jáde lẹ́nu mi kò ní ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Àwọn tó ka ìwé mi àkọ́kọ́ ní orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kúrú, pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni.

Mi ò fi han ẹnikẹ́ni. Abẹ́ kúlà oúnjẹ mi ni mò ń fi í pamọ́ sí. Ìyàwó mi ló rí i lọ́jọ́ tó fẹ́ fọ kúlà. Ojú ewé tó ṣí kàn, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń bẹ Adùkẹ́ pé kó má lọ. Ó bi mí pé ta ni Adùkẹ́. Mo ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Kò sí i, ẹ wá ń sunkún nítorí ẹ̀ láti ojú ewé kẹta dé ìkọkànlá?" Ó wò mí títí, ó ní bó bá jẹ́ ìtàn ni lóòótọ́, ká gbé e lọ fún Mummy Pẹ̀lúmi kí wọ́n bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn. Owú ìyàwó mi ló mú mi lọ sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Mummy Pẹ̀lúmi ti lo ọgbọ̀n ọdún nílé ìtẹ̀wé kan n'Ìbàdàn. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa ka ìwé kó tó di ìwé, kí wọ́n máa fa ohun tí kò yẹ yọ. Nígbà tí àgbà dé, Pẹ̀lúmi ọmọ wọn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mú wọn wá sọ́dọ̀ ní Thamesmead East. Àga kan wà lẹ́bàá fèrèsé tí wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n ti ń wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ lórí omi. Apá àga náà ni wọ́n fi òwú so pẹ́ńsùlù wọn mọ́, kí àwọn ọmọ-ọmọ má bàa gbé e sá lọ. Òwú náà kúrú. Ẹ fi òwú yìí sọ́kàn.

Ìdúró ni mo ti ń kàwé fún wọn. Wọn kì í jẹ́ kí n jókòó títí ojú ewé àkọ́kọ́ á fi tán. Wọ́n ní òǹkọ̀wé tó bá jókòó kì í mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ gùn jù, ẹsẹ̀ ló máa ń sọ fúnni. Wọ́n á di ojú, wọ́n á máa gbọ́. Bí mo bá kà á débi tí wọ́n lajú, mo ti ṣẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á fa pẹ́ńsùlù, wọ́n á fi gbá apá àga lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní, "Ti ta ni?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọdẹ kan ni mo kọ, tó ń pòwe nídìí igi ìrókò. "Ti ta ni?" Mo ní tèmi ni, Mummy. Wọ́n ní, "Irọ́ lo pa. O ò ṣọdẹ rí. Ọdẹ inú rédíò nìyí. Kí lo mọ̀?" Mo ní bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní, "Lọ kọ bọ́ọ̀sì." Iṣẹ́ ọdún kan gbáko ni mo dà nù. Mo bínú délé, mo bi ìyàwó mi bóyá ìyá yìí ló bí èdè Yorùbá ni. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún ti wà lórí ìdúró níwájú wọn.

Lọ́jọ́ mìíràn, mo ka ìtàn obìnrin kan tó wọ bọ́ọ̀sì mi níwájú Belmarsh lẹ́yìn tó lọ kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Orí fóònù ló ti ń sọ ọ́ ní Yorùbá, kò mọ̀ pé dírébà ń gbọ́. Pẹ́ńsùlù gbá àga. Mo ní ti obìnrin kan ni. "Ṣé ó mọ̀ pé o gbọ́?" Rárá, Mummy. Wọ́n wá sọ ohun tó yẹ kí n ti fín sí àyà mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Ohun tó o bá gbọ́ lẹ́nu ẹlẹ́nu, yọ́ ọ bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń yọ́ irin, títí olóhun á fi pàdé ẹ̀ lọ́nà tí kò ní dá a mọ̀. Bí kò bá ṣe é yọ́, lọ tọrọ ẹ̀."

Ọdún mẹ́ta ni mo fi dúró bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n lọ tẹ ìwé àkọ́kọ́. Ayé ìgbà yẹn yàtọ̀ sí tiyín. Ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́. Ẹni tó ń lọ sílé ló bá mi gbé e dé Ṣómólú, ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, tó sì ń pè mí lórí fóònù láti bú mi pé ìkọ̀wé mi dà bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, inú àpótí kan náà ni wọ́n ń kó o sí pẹ̀lú gààrí àti ẹja gbígbẹ ẹlòmíràn, á gba orí omi wá. Ìwé mi kejì ń rùn bí ẹja láti èèpo dé èèpo. Arákùnrin kan ní òun kà á tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pé gbogbo ìgbà tí òun bá ṣí i ni ebi ń pa òun.

Méjèèjì tà tán. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí orí mi wú. Bí mo bá ń kọjá lọ́jà Woolwich, wọ́n á ní, "Òǹkọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ." Ọpọlọ mi gbọ́, ó gbà á gbọ́.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ mọ̀ pé ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe ohun kan fún máa ń dìde jẹ́rìí. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, Sister Bísí dìde. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, òun ló ń kọ́ ẹ̀yin kan nínú yín lórin nígbà tí ẹ wà ní kékeré, tó ń lọ láti ilé dé ilé láti tọ́jú àwọn arúgbó. Ó ní òun ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun bá àpótí aṣọ òun níta, ọkọ òun ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ó wọ́ àpótí náà dé Woolwich Arsenal, ó jókòó lé e. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, kò mọ èyí tóun á wọ̀. Bó ṣe jókòó, fóònù dún. Ìyá rẹ̀ ló ń pè láti ilé, bí wọ́n ṣe ń pè é ní gbogbo àárọ̀. Ìyá kò mọ ohunkóhun. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ni, oríkì tí àwọn fúnra wọn dá sílẹ̀ fún un láti kékeré:

Àbẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ìrì,
ọmọ a-rẹ́rìn-ín kómi ó tó hó.

Ó ṣì kù. Ìlà méjì péré ni mo gba àṣẹ láti kọ síbí. Sister Bísí ní nígbà tí ìyá òun ki òun tán, òun rí i pé òun ti dìde dúró. Ó wá ki oríkì náà fún wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kì í, títí ẹkún fi gbà á lẹ́nu. Gbogbo wa ń sunkún. Èmi náà ń sunkún, ṣùgbọ́n ìwé kékeré ti jáde lápò mi, ọwọ́ mi ń kọ. Ojú ń sunkún, ọwọ́ ń jalè.

Mo fi í sínú ìwé kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò yọ́ irin o. Mo sọ Sister Bísí di Mojí, mo ní ó ń ṣerun ní Peckham. Ọkọ rẹ̀ tó kúrú, mo sọ ọ́ di gíga. Ìlú rẹ̀, mo gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi oríkì, mo gbìyànjú láti dá òmíràn, gbogbo èyí tí mo dá dà bí omi ẹ̀wà. Mo fi tìyá rẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe wà, ìlà mọ́kànlá. Ẹ gbọ́ ibi tí ẹ̀bi wà gan-an: mo ka gbogbo ìwé náà fún Mummy, mo fo orí yẹn. Mo ní mi ò tíì kọ ọ́ tán, pé àwọn ará Ṣómólú ń kánjú. Mo mọ̀ pé pẹ́ńsùlù á gbá àga. Ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ìwé dé, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì lẹ́yìn ìsìn. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ni Sister Bísí. Ó ní, "Uncle, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á tún fún yín ṣe." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń gún mi títí di òní.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn èèyàn fi kà á débẹ̀. Ta ni kò mọ oríkì yẹn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa? Wọn ò bú u, wọn ò fi ṣe ìkà, wọ́n kàn sọ ọ́ di àwàdà ni. Nílé ìtajà tí a ti ń ra iṣu, ẹnìkan ní, "Ẹlẹ́sẹ̀ ìrì, ẹ ò ní ra tiyín?" Àwọn ọmọ kéékèèké gbé e lẹ́nu. Orúkọ tí ìyá kan ń fi jí ọmọ rẹ̀ láti òkèèrè, mo sọ ọ́ di ìnagijẹ ìdí iṣu.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó wọ bọ́ọ̀sì mi. Kò kí mi. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí lè má mọ bí ìyẹn ṣe tó. Ó jókòó sí ẹ̀yìn mi gan-an, mo ń rí i nínú dígí. Ibùdókọ̀ méjì ni mo kọjá láìdúró, àwọn èèyàn ń juwọ́, mo rò pé wọ́n ń kí mi ni. Nígbà tí a dé Thamesmead, tí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbóhùn sókè. Ó ní, "Uncle, ẹ yí ìlú mi padà. Ẹ yí iṣẹ́ mi padà. Ẹ sọ ọkọ mi di gíga. Ohùn ìyá mi nìkan lẹ ò lè yí padà?" Ó sọ̀ kalẹ̀. Mi ò kọ nǹkan kan ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ ọjọ́ yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sá. Mo bẹ dírébà kan kó bá mi pààrọ̀ àsìkò iṣẹ́, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo ń gba ẹ̀yìn ọjà kọjá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn alákòóso ẹgbẹ́ akọrin ni mò ń jókòó sí, torí pé ọkùnrin náà fẹ̀. Ìyàwó mi ní, "Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì tó tó ilé, tó ń sá fún ẹni tí kò tó táyà." Òótọ́ ló sọ.

Nígbẹ̀yìn mo lọ bá Mummy. Mi ò dúró sórí ìdúró lọ́jọ́ yẹn, ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Wọ́n ti gbọ́. Ìwé náà wà lórí itan wọn. Mo ní, "Ṣebí gbangba ló ti sọ ọ́, Mummy. Gbogbo wa la gbọ́."

Wọ́n ní, "Ọlọ́run ló sọ ọ́ fún. Ẹ̀yin kàn wà níbẹ̀ ni."

Wọ́n ní kí n lọ gba gbogbo ìwé náà padà lọ́wọ́ ẹni tí mo bá rí, kí n gé ewé náà kúrò, kí n tó lọ bẹ olóhun. Mo na ọwọ́ sí èyí tó wà lórí itan wọn kí n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Tèmi dúró. Ẹni tó bá ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n kọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ sí."

Mo lọ láti ilé dé ilé. Èyí tí mi ò rí gbà, àwọn tó ni í ní àwọn ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Mo jókòó nínú kíṣìnì, mo mú abẹ, mo ń gé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní nǹkan kan nípa ìwé tí wọ́n fi òwú rán: ewé méjì ló máa ń di ara wọn mú láti òdìkejì. Bí ẹ bá gé ọ̀kan, ìkejì á máa mì, lọ́jọ́ kan á jábọ́. Ewé kejì yẹn ni bàbá Mojí ti kú. Títí di òní, àwọn kan wà ní Thamesmead tí wọn ò mọ ohun tó pa bàbá náà. Wọ́n kàn ń kàwé lọ, wọ́n rí i pé wọ́n ń sin ín.

Ewé tí mo gé, mo ya wọ́n wẹ́wẹ́. Mo mú ìwé kékeré tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, mo ya á mọ́ ọn, bí ẹni tí ọlọ́pàá ń bọ̀ wá bá. Obìnrin Ṣómólú ní kọ̀ǹpútà òun ti bàjẹ́, ìwé mi sì wà nínú ẹ̀. Mo tiẹ̀ dúpẹ́. Ẹ̀rù ló ń ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ má pè é ní ìrònúpìwàdà.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sílé Sister Bísí, yàrá tuntun tó gbà ní Thamesmead. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òyìnbó kan tó ń fa ajá rẹ̀ kọjá dúró, ó bi onílé bóyá kóun bá a pe ambúláǹsì. Mo rí i pé ẹ̀rín fẹ́ mú Sister Bísí. Kò rín in. Ó ní, "Ẹ dìde, Uncle. Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ kankan pè mí mọ́."

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi pa àṣẹ yẹn mọ́. "Ẹ káàárọ̀." "Ẹ káàárọ̀, sà." Ó tán. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò kí ẹ rí bó ṣe rí, kí èèyàn máa kí ẹnìkan lọ́dọọdún láìpè é ní nǹkan kan.

Mi ò kọ̀wé fún ọdún mẹ́ta. Mummy ló ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní ṣé mo rò pé iṣẹ́ náà ló jalè ni àbí èmi. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí iṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Láti ìgbà yẹn, kò sí ìtàn ẹnìkan tí mo lò láìtọrọ rẹ̀. Ẹ máa rò pé ìyẹn á dín ìtàn kù. Àwọn kan kọ̀ lóòótọ́, mo fi tiwọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ tó gbà, á jókòó, á tún un sọ, ìdajì tí kò sọ nígbà àkọ́kọ́ á jáde. Ìwé mi kẹrin sí ìkeje dára ju mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá bi mí pé ìlọsíwájú wo ni mo ní nínú iṣẹ́ yìí, òun nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ti yí padà: lónìí, wọ́n lè tẹ ẹyọ ìwé kan ṣoṣo fún ẹyọ ẹnìkan, kò sí ẹja gbígbẹ mọ́. Ìwé mi keje, ohùn mi ni mo fi kà á sórí fóònù fún àwọn tí ojú ń dùn, torí ojú tèmi náà ti ń di bàìbàì. Mo ti fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mummy ti sùn nínú Olúwa, kí wọ́n tó gbọ́ ìwé kẹfà.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn ìsìn, Sister Bísí wá bá mi níbi tí mo ti ń wọ bàtà. Ìyá rẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá, mo ti bá a kẹ́dùn láìpè é lórúkọ. Ó ní ọmọ òun bímọ obìnrin. Mo ní a kú ewu. Ó ní òun gbé ọmọ náà láàárọ̀, òun fẹ́ kì í bí ìyá òun ṣe ń ki òun. Òun dé ìlà kẹrin, òun gbàgbé èyí tó kù.

Ó ní, "Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ta ní í kọ ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀? Mo wá rántí pé ẹnìkan kọ ọ́."

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí ojú ti tì mí jù láyé, kì í ṣe lórí ìdọ̀bálẹ̀ níwájú ajá òyìnbó. Ìgbà tí mo ní láti sọ fún un pé mo ti ya gbogbo ẹ̀ ni. Ó bi mí, "Gbogbo ẹ̀?" Mo ní gbogbo ẹ̀. Ó mi orí díẹ̀, ó ti ń yí padà lọ. Ìgbà náà ni mo rántí ọwọ́ tí Mummy fi gbá mi.

A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Thamesmead East, èmi pẹ̀lú ẹ̀, mo jókòó síbi tí èrò ń jókòó sí. Pẹ̀lúmi ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí mo sọ ohun tí a wá fún, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun ti kó ìwé Mummy fún àwọn tó ń gba nǹkan tọrẹ, báàgì mẹ́rin. Mi ò lè wo ojú Sister Bísí. Pẹ̀lúmi wá ní, "Ó ku ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ má bínú o, Uncle." Ó nawọ́ sí àga Mummy lẹ́bàá fèrèsé. Ẹsẹ̀ àga náà kan ti kán, ó sì fi ìwé kan tì í. Ìwé mi kẹta ni. Ó ti ríṣẹ́ gidi ṣe nígbẹ̀yìn.

Mo gbé àga, Pẹ̀lúmi fa ìwé náà yọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ewé tó jábọ́ nínú ẹ̀. A ṣí i débẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ oríkì náà, Mummy ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́, ó ti ń pa rẹ́: Ti ta ni?

Sister Bísí wọ awò. Ètè rẹ̀ ń mì, kò jẹ́ ká gbọ́. Nígbà tó dé ìlà kẹrin, ó dúró, ó fi ìka lé e, ó tún un kà. Ó kà á dé ìparí. Lẹ́yìn náà ló ní ìlà kan ṣì kù sí i, èyí tí òun ò lè sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà nítorí ẹkún, pé ìyẹn kò kúrò lórí òun rí. Kò sọ ọ́ fún wa. Ìwé kékeré wà lápò mi. Ọwọ́ mi kò lọ síbẹ̀.

Ó wò yíká, ó rí pẹ́ńsùlù lára àga. Òwú náà kúrú, kò lè dé ọwọ́ ẹni tó wà lórí ìdúró. Ó gbé ìwé náà sórí àga Mummy, ó kúnlẹ̀ tì í, ó fa pẹ́ńsùlù, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ ìbéèrè wọn: Tèmi ni.

Mo ní, "Ẹ ṣé, Sister Bísí."

Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Uncle."

Ó dá mi lóhùn.